Láwàl Alákìísà àti Agbádá Dókítà Bíyìí

Abdulkabir ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní Ìséyìn, Láwàl ni orúkọ bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín àwọn Yorùbá Houston, láti Fondren Southwest títí dé Westchase, Alákìísà ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Kì í ṣe pé aṣọ ọrùn rẹ̀ gbó. Àkísà ni ọjà rẹ̀, àkísà ni ó fi ra ilé, àkísà náà ni ó fi ń rán Balqees, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ó bí, lọ sí ilé-ẹ̀kọ́.

Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Deer Park, níbi tí iná àwọn ilé ìfọpo ti ń jó lójú ọ̀run tọ̀sán-tòru. Aṣọ ògbólógbòó ni ọkọ̀ ń já sílẹ̀ níbẹ̀ ní ìdì-ìdì: ṣẹ́ẹ̀tì, tówẹ́ẹ̀lì, aṣọ ìbùsùn, sòkòtò àwọn tí ó ti kú àti ti àwọn tí ó ti sanra kọjá wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ a já gbogbo bọ́tìnì, wọn a yọ síìpù, wọn a fa aṣọ náà ya sí ìwọ̀n tí ọwọ́ kan lè gbá mú, wọn a sì tún un dì. Àwọn ilé ìfọpo ni wọ́n ń rà á, tí wọ́n fi ń nu òróró ara ẹ̀rọ.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé iṣẹ́ yẹn kò gba ọgbọ́n, kí ó lọ fi pọ́líẹ́sítà nu òróró wò. Aṣọ òwú a máa mu òróró bí ẹni tí ó ń ṣínu ààwẹ̀. Pọ́líẹ́sítà kàn ń tì í kiri ni. Èyí tí ó tún burú ju ìyẹn lọ, pọ́líẹ́sítà a máa ta iná wínníwínní bí a bá ń fà á mọ́ irin, bẹ́ẹ̀ ni a kì í fi iná ṣeré níbi tí gáàsì wà. Bí ẹni tí ń yẹ ọjà wò lẹ́nu ọ̀nà ilé ìfọpo bá rí ẹyọ kan péré nínú ìdì kan, gbogbo ọjà ọjọ́ náà di àdápadà. Ìdí nìyí tí Francis, bàbá àgbàlagbà adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tí ó kọ́ Láwàl níṣẹ́, fi máa ń di aṣọ mọ́ ọn lójú, tí yóò wá máa na aṣọ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ sọ ohun tí ó jẹ́. Bí ó bá ṣì í, Francis a fi aṣọ náà nà án lórí.

Ní tòótọ́, ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni Láwàl wá kọ́ ní Amẹ́ríkà. Owó epo wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé, náírà tẹ̀lé e wálẹ̀, owó tí bàbá rẹ̀ ń fi ránṣẹ́ dá, yunifásítì sì ní kí ó lọ sinmi díẹ̀ ná. Ìsinmi yẹn ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ Francis. Nígbà tí Francis darúgbó, tí ó fẹ́ máa lọ pẹja, ó ta ẹ̀rọ àti orúkọ ilé-iṣẹ́ náà fún un. Bí ọmọ ahunṣọ Ìséyìn ṣe di ẹni tí ń fa aṣọ ya nìyẹn. Nígbà tí bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ lórí fóònù, ó ní, "Abdulkabir, ṣé kò sí iṣẹ́ mìíràn ní òkè òkun?"

Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá ti ilẹ̀kùn, ìka kì í tì. Bí Láwàl bá ń bọ ènìyàn lọ́wọ́, ọwọ́ òsì rẹ̀ a ti wà létí aṣọ onítọ̀hún. Bí ó bá dì mọ́ ènìyàn, a máa fa bọ́tìnì rẹ̀ wò bóyá yóò já. Kò mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é. Ẹnu rẹ̀ náà kì í sì í dúró de làákàyè. "Ẹ kú ọdún o, Alhaji. Ìdajì òwú, ìdajì ráyọ́ọ̀nù." "Alhaja, ẹ kú ìjókòó. Áà, èyí kò lè mu nǹkan kan." Níbi àdúà òkú kan, ó dì mọ́ ọmọ olóògbé, ó bá a sunkún, omijé gidi, ó sì sọ sí i létí pé, "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé èyí o, yóò yọ́."

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń dun Láwàl gan-an kì í ṣe orúkọ tí wọ́n ń pè é. Tábìlì ọlọ́lá ni.

Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Mùsùlùmí tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ayẹyẹ kan kí wọ́n má tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì gígùn níwájú, kí wọ́n má sì pe àwọn ènìyàn jáde síbẹ̀. Ládépọ̀ ni apèènìyàn. Ilé ni ó ń bá àwọn ènìyàn tà láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdè. Bí ó bá di Sátidé, máìkì a bọ́ sí i lọ́wọ́, ayé a sì gbọ́. "Dókítà lágbájá! Báríìsítà tàmẹ̀dù! Ẹnjiníà làkáṣègbè!" Ẹni tí kò bá ní oyè, Ládépọ̀ kò mọ bí a ti ń pè é. Alhaji kì í ṣe oyè lójú rẹ̀, nítorí pé gbogbo ìjókòó ni ó ti dé Mẹ́kà. Láwàl a tún fìlà ṣe, a gbé ẹsẹ̀ kan síwájú bí ẹni tí ó fẹ́ dìde, títí Ládépọ̀ yóò fi dé ibi tí ó máa ń parí sí: "Àti gbogbo ẹ̀yin ènìyàn pàtàkì tí àyè kò gbà wá láti dárúkọ." Àyè wà. Àwọn àga a máa ṣófo lẹ́yìn tábìlì náà, kedere, níṣojú gbogbo ènìyàn. Láwàl a wá dá ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sábẹ́ àga.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1994, Balqees ń sún mọ́ ìparí Kùránì. Òun àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọn yóò jọ ṣe wòlímọ̀ nígbà tí ooru bá rọlẹ̀. Ọmọ náà bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan nínú ọkọ̀, lójú fíríwéè.

"Dádì, ṣé ẹ máa jókòó sí high table? Adnan tí a jọ máa ṣe wòlímọ̀, dádì ẹ̀ máa jókòó níbẹ̀. He's an engineer."

 Láwàl wakọ̀ kọjá ibi tí ó yẹ kí ó ti yà, ó sì lọ jìnnà kí ó tó rí ibi tí yóò ti yí padà. Kí wọ́n tó délé, ó ti pinnu. Sáà alága ẹgbẹ́ ń parí lọ. Alága kì í wá oyè kiri. Àga rẹ̀ ni ó wà láàárín gbùngbùn tábìlì ọlọ́lá.

Làdíátù, ìyàwó rẹ̀, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ń bọ́ bàtà iṣẹ́ nígbà tí ó sọ fún un.

"Ẹ fẹ́ du ipò? Ẹ̀yin?"

"Kí ni ó ṣe mí?"

"Kò sí ohun tí ó ṣe yín, Bàbá Balqees. Ọwọ́ yín ni mo ń wò."

Ó yẹ kí ó bèèrè ohun tí ó ń wò lára ọwọ́ òun, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà ti wà létí aṣọ nọ́ọ̀sì Làdíátù, ó ń yẹ ojú rírán rẹ̀ wò.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ó tún jáde pé òun ń fẹ́ ipò náà: Dókítà Bíyìí, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ epo kan ní Westchase. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó kà tí ó fi di dókítà, nítorí pé bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé rẹ̀, oorun ni ó ń gbé ènìyàn lọ. Ènìyàn dáadáa ni. Ó ga, ó sanra, ó sì fẹ́ràn aṣọ. Ní ìpàdé tí àwọn olùdíje ti kọ́kọ́ bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀, léèsì kan tí ó fẹ̀ bí àgọ́ ni ó wọ̀ wá.

"Suwisaláǹdì ni ó ti wá," ni ó ń sọ fún gbogbo ẹni tí ó bá wò ó, àti fún àwọn tí kò wò ó.

Láwàl rìn lọ kí i, bí ọmọlúàbí. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọwọ́ kejì lọ sí etí agbádá. Ládépọ̀ sáré na máìkì sí àárín wọn, kí ìjọ lè gbọ́ bí àwọn olùdíje ti ń fi ìfẹ́ kí ara wọn.

"Pọ́líẹ́sítà," ni Láwàl wí.

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbé e dé ìta. Ojú Dókítà Bíyìí pọ́n, ó fa agbádá rẹ̀ gbà, kò sì sọ̀rọ̀ nípa Suwisaláǹdì mọ́ títí ìpàdé fi tú. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jókòó lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín, àwọn àgbà mi orí. Ká ní wọ́n dìbò lọ́jọ́ náà, àwọn àga nìkan ni ìbá tẹ̀lé Láwàl.

 Ìgbà tí wọ́n délé ni Làdíátù gbé òfin kalẹ̀.

"Láti òní lọ, ẹ̀yìn yín ni ọwọ́ yín yóò máa wà. Ẹ fi ọ̀kan di èkejì mú. Bí ẹ bá fẹ́ kí ènìyàn, ẹ tẹrí ba."

"Bí wọ́n bá na ọwọ́ sí mi ńkọ́?"

"Ẹ ní apá ń ro yín."

"Bí imú bá ń yún mi?"

"Ẹ fara dà á. Òṣèlú ni."

Bí Láwàl ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í káwọ́ sẹ́yìn káàkiri Houston nìyẹn. Ó káwọ́ sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù Fondren Southwest, ó káwọ́ sẹ́yìn gbọ́ ẹjọ́ àwọn obìnrin tí wọ́n ń jà lórí ẹni tí yóò máa gbálẹ̀ gbọ̀ngàn. Ohun ìyanu ni pé ó wọ àwọn ènìyàn lójú. Àwọn kan ní ó ń rìn bí gómìnà. Àgbàlagbà kan ní òun kò rí ẹni tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn jẹ́ẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, láìjuwọ́, láìtọ́ka sí ẹnikẹ́ni. Pé irú ìyẹn ni à ń pè ní olórí. Wọn kò mọ̀ pé lẹ́yìn agbádá náà, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ń wọ̀yá ìjà bí ewúrẹ́ méjì nínú àpò kan. Nígbà tí ọjọ́ ìbò fi kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn tí wọ́n fẹ́ Láwàl àti àwọn tí wọ́n fẹ́ Bíyìí ti dọ́gba.

Gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ ń lò wà nínú ọgbà àwọn ilé alápátímẹ́ǹtì kan ní Fondren Southwest. Nathan, òyìnbó tí ó ń bójú tó ọgbà náà, ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tuntun síbẹ̀, aláwọ̀ wàrà. Ó pe àwọn àgbà ẹgbẹ́, ó ní bí òun bá rí àbàwọ́n kan lórí rẹ̀, kí wọ́n bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kírun, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń ké Kùránì, ibẹ̀ náà ni wòlímọ̀ Balqees yóò ti wáyé. Láti ọjọ́ náà, orí ìka ẹsẹ̀ ni gbogbo ẹgbẹ́ fi ń rìn wọlé.

Títò sẹ́yìn olùdíje ni wọ́n fẹnu kò sí, bí wọ́n ti ń ṣe é nílé nígbà náà: ẹni tí o bá fẹ́, lọ tò sẹ́yìn rẹ̀, kí ayé rí ọ. Làdíátù ti lọ ra léèsì kan fún ọkọ rẹ̀ ní títì Harwin, tí ó ń dán bí ẹja tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú omi jáde. Gbàrà tí aṣọ náà kàn án lára ni Láwàl ti mọ ohun tí ó jẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ nínú ìgbéyàwó. "Ó dára gan-an," ni ó wí.

Dókítà Bíyìí ní tirẹ̀ wọ gínì funfun gbalaja. Ó tọ Láwàl wá níwájú gbogbo ènìyàn, ó na apá agbádá sí i.

"Ẹ fọwọ́ kàn án, Alákìísà."

Láwàl káwọ́ sẹ́yìn. "Ẹ kú àárọ̀, Dókítà."

"Òwú ni, láti ọrùn dé ilẹ̀. Mo tilẹ̀ ti fọ sítáàṣì rẹ̀ kúrò, kí ó má baà máa yún mi. Ó rọ̀ bí aṣọ ọmọ tuntun. Ẹ fọwọ́ kàn án, kí ẹ tọrọ àforíjì."

"Mo gbà yín gbọ́."

"Ẹ̀rù ń bà á!" ni ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn Bíyìí. "Ọwọ́ ti wọṣẹ́ lọ sí Deer Park!"

Òógùn bo Láwàl. Ó gbójú sókè, ó rí Làdíátù tí ó ń wò ó láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin. Ó fi ìka di ìka mú ṣinṣin.

Wọ́n tò. Ìlà méjì gùn láti iwájú gbọ̀ngàn títí dé ẹ̀yìn, ọkùnrin níwájú, obìnrin lẹ́yìn nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ládépọ̀ rìn lọ, ó rìn bọ̀, ó kà wọ́n, ó tún wọn kà, ó kéde pé ọgbọọgba ni wọ́n ṣe, kò sì sí ẹni tí ó mọ ohun tí òfin ẹgbẹ́ wí nípa ọgbọọgba. Ibi tí wọ́n ti ń jiyàn rẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti ṣí, tí Ìyá Juwairiyyah wọlé.

Òun ni obìnrin tí ó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́. Ó pẹ́ nítorí pé òun ni ó ń se oúnjẹ ọjọ́ náà. Ìkòkò ọbẹ̀ elépo pupa ni ó gbá mú mọ́ àyà, ata rẹ̀ ń ta sánsán. Ìbò kan ṣoṣo tí ó kù ni, ó sì tún jẹ́ àgbàlagbà tí ó ru ẹrù. Kò sí ọmọ Yorùbá kan nínú ilé náà tí ó lè jókòó wò ó. Ìlà méjèèjì tú sí i lójú.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá wa! Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e!"

"Rárá o, èmi ni kí ẹ fún, Ìyá! Àwa ara Dókítà!"

"Ẹ kúrò lọ́nà, ìyá àwa ni! Ìyá, ẹ fi í sílẹ̀!"

"Ẹ̀yin ni kí ẹ fi í sílẹ̀!" ni Ìyá Juwairiyyah ń pariwo. "Ó gbóná! Mo ní ó gbóná!"

"Ìyá, ẹ kò lè ru ẹrù níbi tí a wà!"

Àwọn ti Láwàl di etí ìkòkò kan mú, àwọn ti Bíyìí di èkejì. Wọ́n fà á pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Wọ́n tún fà á pẹ̀lú ọ̀wọ̀ sí i. Ìkòkò náà yí, ó sì da epo pupa sórí kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ wàrà.

 Epo náà bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tí ó ń wá ibi tí yóò sùn sí.

Lẹ́yìn náà ni ariwo ta. Wọ́n ju háńkáṣíìfù sí i, wọ́n ju gèlè sí i, wọ́n ju tíṣù sí i. Epo kàn ń gba abẹ́ wọn kọjá ni. Ọwọ́ Láwàl kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Òun kọ́ ni ó rán an. Ó bọ́ léèsì tuntun tí ó ń dán náà, ó dà á sórí epo. Léèsì léfòó bí ọkọ̀ ojú omi. Làdíátù rí i, ó mọ ohun tí òun rà.

Láwàl yíjú sí àwọn ènìyàn. Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ara wọn kọjá, aṣọ lẹ́yìn aṣọ, bí ẹni tí ń fa tẹ̀súbáà.

"Pọ́líẹ́sítà. Pọ́líẹ́sítà. Náílọ́ọ̀nù. Ráyọ́ọ̀nù. Pọ́líẹ́sítà. Alhaji, ẹ̀yin náà? Pọ́líẹ́sítà." Ó dé iwájú Dókítà Bíyìí. Ìka rẹ̀ kan gínì. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Òwú!"

Kí Dókítà tó lè yọ̀ sí i, àtàǹpàkò ti rí ojú rírán. Ohun tí ó kàn tí ìjọ gbọ́ ni fààààrà, láti ọrùn dé ilẹ̀.

"Wọ́n ti ń jà o!"

"Ó ti fa aṣọ Dókítà ya! Nítorí ipò!"

"Òṣèlú ilé ti dé Houston! Ẹ ṣí ilẹ̀kùn!"

Àwọn kan sá jáde, àwọn kan gbé ọmọ wọn sókè. Ládépọ̀ wọ abẹ́ tábìlì tòun ti máìkì, ohùn rẹ̀ sì ń jáde láti ibẹ̀ bí ohùn ẹni tí ó ti kú: "Ẹ fara balẹ̀! Ẹ rántí Ọlọ́run! Ẹ fara balẹ̀!"

Dókítà Bíyìí dúró nínú sínglẹ́ẹ̀tì, ó gbé apá méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró. "Aṣọ mi," ni ó ń wí. "Aṣọ mi."

"Ẹ kúnlẹ̀, Dókítà," ni Láwàl wí láìgbójú sókè. Ó ti tún fa èyí tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ya sí ìwọ̀n tí ọwọ́ lè gbá mú, ó sì fi ọ̀kan lé e lọ́wọ́. "Ẹ má nù ún o. Bí ẹ bá nù ún, yóò wọlé. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí ó mu."

Ohùn Francis ni ó wà nínú ohùn rẹ̀. Dókítà ti kúnlẹ̀ kí ó tó rántí pé inú ń bí òun. Ó tẹ̀ ẹ́. Epo náà gun aṣọ funfun náà wọ̀ọ̀, pupa rẹ̀ ń ká a mọ́ ọwọ́.

"Ó ń mu!" ni Dókítà kígbe. "Ẹ wò ó, ó ń mu ún! Ṣé mo sọ fún yín tàbí n kò sọ fún yín pé òwú ni?"

"Òwú gidi ni, Dókítà. Mo tọrọ àforíjì."

"Ẹ mú òmíràn wá!"

Láwàl fa apá ọ̀tún ya fún un. Ó fa apá òsì ya. Làdíátù dé láti ilé ìdáná pẹ̀lú ọṣẹ ìfọwo àti omi gbígbóná, Ìyá Juwairiyyah sì tú gbogbo àpò gàrí rẹ̀ sórí èyí tí ó kù, kí gàrí fà á mu. Ó ń ṣépè fún ìlà méjèèjì láìṣojúsàájú. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n gbá gàrí kúrò, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́.

Nathan gbọ́ igbe láti ọ́fíìsì rẹ̀. Nígbà tí ó ṣílẹ̀kùn, ó bá ọkùnrin ńlá méjì lórí ìkúnlẹ̀ nínú sínglẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń tọ́jú kápẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé ọmọ wọn ni.

"Ta ni alága yín?" ni ó bèèrè.

Láwàl tọ́ka sí Bíyìí. Bíyìí tọ́ka sí Láwàl.

Nathan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ojú ibẹ̀. Omi ni ó rí, àti àwọ̀ wàrà. Ó fín imú, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣé ẹ ń bá mi fọ kápẹ́ẹ̀tì ni?"

"A máa ń ṣe é lóòrèkóòrè, sà," ni ohùn Ládépọ̀ jáde láti abẹ́ tábìlì.

Nathan dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ní kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tí ó ń lo gbọ̀ngàn náà tí ó ṣe irú rẹ̀ rí. Ó pa ilẹ̀kùn dé.

Nígbà tí Ládépọ̀ jáde tán, tí ó sì ti gbọn ara rẹ̀, ó ní kí oníkálukú padà sẹ́yìn ẹni tí ó fẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ọgbọọgba. Ìyá Juwairiyyah ni ó kọ́kọ́ lọ dúró sẹ́yìn Láwàl. Àwọn tí wọ́n wà lẹ́yìn Bíyìí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ kúrò níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń wo òkè bí ẹni tí ó ṣìnà. Ìlà Láwàl gùn títí ó fi ká kọ́nà.

Láwàl wo iwájú. Ó rí tábìlì, ó rí àga àárín. Ó wá wo ẹ̀gbẹ́. Dókítà Bíyìí dúró síbẹ̀, ikùn rẹ̀ yọ nínú sínglẹ́ẹ̀tì, ọrùn agbádá nìkan ni ó kù tí ó so mọ́ ọn lọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó ṣì di àkísà elépo kan mú, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ìgbéraga.

Láwàl kúrò lójú ibi tí ó wà, ó lọ dúró sẹ́yìn Bíyìí.

"Bàbá Balqees!" ni Làdíátù ké. "Ibo lẹ ń lọ?"

"N kò lè fa aṣọ ẹni ya tán, kí n tún gba àga mọ́ ọn lọ́wọ́."

Ìlà rẹ̀ wo ara wọn. Ẹni tí wọ́n tò sẹ́yìn rẹ̀ ti lọ. Wọ́n tẹ̀lé e. Bí Dókítà Bíyìí ṣe di alága nìyẹn, pẹ̀lú ìbò gbogbo ẹgbẹ́, nínú sínglẹ́ẹ̀tì.

Nínú ọkọ̀, Làdíátù ní, "Ẹ wọlé tán, ẹ tún gba ojú fèrèsé jáde."  Ẹ̀yìn ni Balqees wà.

"So, Dádì, ẹ win, then ẹ fún ẹlòmíràn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"That's so weird," ni ọmọ náà wí, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, ó sì fi lé èjìká bàbá rẹ̀ títí wọ́n fi délé.

Láwàl ra gínì mìíràn, ó fi ìka ara rẹ̀ yàn án, ó sì gbé e lọ bá Bíyìí ní Westchase. Láti ìgbà náà ni fóònù ilé rẹ̀ kò ti sinmi mọ́. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ a máa pè é láti Harwin kí wọ́n tó sanwó: "Alákìísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà wá bá wa fọwọ́ kan nǹkan." Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ dá a mọ̀. Bí wọ́n bá rí i tí ó ń bọ̀, wọn a gbé àwọn aṣọ kan padà sábẹ́ káńtà.

Ọjọ́ wòlímọ̀ pé. Ládépọ̀ gbá máìkì mú. Ó pe alága, Dókítà Bíyìí, ó pe àwọn báríìsítà, ó pe bàbá Adnan tí í ṣe ẹnjiníà. Láwàl jókòó láàárín àwọn òbí. Lọ́tẹ̀ yìí, kò tún fìlà ṣe, kò gbé ẹsẹ̀ síwájú.

"Àti gbogbo ẹ̀yin ènìyàn pàtàkì tí àyè kò..."

"Àyè wà," ni Dókítà Bíyìí wí láti orí tábìlì. "Ládépọ̀, ẹ kò tíì pè wọ́n tán."

Ládépọ̀ wò yíká. "Alága, ta ni ó kù?"

"Alhaji Láwàl."

"Kí ni kí n pe oyè wọn, sà?"

"Kí ni ẹ ti ń pè wọ́n tẹ́lẹ̀?"

Òógùn bọ́ lójú Ládépọ̀. Ó wo Láwàl, ó wo alága, ó wo ilẹ̀ kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ wàrà. Lẹ́yìn náà ni ó mí kanlẹ̀, ó sì fi ohùn tí ó fi ń pe àwọn báríìsítà pè é, ó fà á gùn títí ó fi dé ìta: "Alákìísà Abdulkabir Láwàl!"

Gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n wọ aṣọ funfun, Balqees fò sókè. "Dádì mi nìyẹn!" Yorùbá pọ́nńbélé ni, kò sí òyìnbó kan nínú rẹ̀.

Láwàl káwọ́ sẹ́yìn rìn lọ síwájú, nítorí Làdíátù. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ alága. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì ọlọ́lá fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ayé rẹ̀. Aṣọ funfun náà wà lábẹ́ ìka rẹ̀. Àtàǹpàkò lọ pàdé ìlábẹ̀.

Dókítà rí bí ojú rẹ̀ ti yí padà. "Kí ni?" ni ó bèèrè ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́.

Láwàl wo Làdíátù. Làdíátù mi orí fún un láti òkèèrè: rárá. Ó fara dà á. Ó fara dà á títí wọ́n fi ṣàdúà ìbẹ̀rẹ̀ tán, tí gbogbo ènìyàn fọwọ́ pa ojú. Lẹ́yìn náà ni ó tẹ̀ sí etí alága, kò sì rí i pé máìkì tábìlì ń ṣiṣẹ́.

"Pọ́líẹ́sítà," ni ó wí.

Ní ìsàlẹ̀ gbọ̀ngàn, Ìyá Juwairiyyah gbé ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀, ó sì sún un jìnnà sí tábìlì náà.